Láti Waterside Dé Orí Òkè Ducor

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Monrovia

  Ọ̀rọ̀ tí a sábà máa ń gbọ́ níbi ìpàdé báyìí kò ju ti ìwé ìgbélùú, owó àjọ àti bí a ó ṣe gbé òkú ẹni wa relé. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ ni wá. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹ jẹ́ kí n mú yín rìn díẹ̀. Ìrìn náà kò ju òwúrọ̀ kan lọ, ẹsẹ̀ la ó fi rìn ín, kò ní ná ẹnikẹ́ni lówó kẹ̀kẹ́, Waterside tí a ń ná lójoojúmọ́ la ó sì ti gbéra.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àwọn kan wà láàárín wa tó ti lo ogún ọdún ní Monrovia. Bí a bá ní kí wọ́n júwe ilé ìtajà kan ní Mechlin Street, wọn yóò júwe rẹ̀ dórí àwọ̀ ilẹ̀kùn. Bí a bá wá bi wọ́n pé ta ni Mechlin, wọn yóò ní bóyá òun ló kọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín. Ní ọdún tó kọjá, olùkọ́ kan bi ọmọ wa kan nínú kíláàsì pé, yàtọ̀ sí kí wọ́n tajà kí wọ́n sì kó owó relé, kí ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe nínú ìtàn orílẹ̀-èdè yìí? Ọmọ náà dákẹ́. Ó délé, ó bi ìyá rẹ̀, ìyá náà dákẹ́. Ìyá náà wá bi mí, ìdí nìyẹn tí mo fi dúró níwájú yín. Ìdáhùn wà, ojú ọ̀nà tí ọmọ náà ń gbà lọ sílé ẹ̀kọ́ ló sì wà.

Kí a tó gbéra, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ojú ọjọ́. Monrovia wà lára àwọn olú-ìlú tí òjò ti ń rọ̀ jù lọ láyé. Láti oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kẹwàá, ẹ má dá ìrìn yìí láṣà. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, ló dára. Kí ẹ tètè jáde kí oòrùn tó mú. Ọjọ́ ìsinmi ìjọba sàn ju ọjọ́ ọjà lọ, nítorí ní ọjọ́ ọjà, èrò tó wà ní Waterside kò ní jẹ́ kí ẹ gbé ojú sókè wo nǹkan kan, àwọn tó ń yọ fóònù lápò náà kì í sì í sinmi. Ẹ wọ bàtà tó le. Ẹ má ya fọ́tò ọmọ ogun, ọlọ́pàá tàbí ilé ìjọba láìtọrọ àyè.

Ó yá, Waterside la wà. Odò Mesurado ló wà lẹ́yìn wa. Títì ìsàlẹ̀ pátápátá ni Water Street. Bí ẹ bá kọjú sí òkè, Front Street ló tẹ̀ lé e, kí ẹ tó kan Ashmun Street, lẹ́yìn náà Broad Street, lẹ́yìn náà Carey Street àti Benson Street. Wọ́n tò léra bí àtẹ̀gùn láti etí omi lọ sókè. Àwọn títì tó gun òkè náà, Mechlin, Randall, Gurley, Center, ló ń dá wọn kọjá. Ẹni tó bá mọ èyí kò lè sọnù nínú ìlú.

Orúkọ ènìyàn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní American Colonization Society, ló kó àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti gba òmìnira wá síbí. Jehudi Ashmun, òyìnbó, ni aṣojú ẹgbẹ́ náà tó darí ibùdó yìí nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ralph Gurley ni akọ̀wé wọn. Richard Randall jẹ́ dókítà. Ó dé ní ìparí ọdún 1828, kò sì tó oṣù mẹ́fà tó fi kú ní 1829. Joseph Mechlin, ẹni tí a kò mọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ló gba ipò rẹ̀. Ẹni tí èmi fẹ́ràn jù nínú wọn ni Lott Carey. Ẹrú ni wọ́n bí i ní Virginia. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé tí wọ́n ń kó tábà sí ní ìlú Richmond, ó ń fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi san 850 dọ́là ní ọdún 1813, tó fi ra ara rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ méjì kúrò lóko ẹrú. Ó kọ́ ìwé, ó di oníwàásù, ó sì dé etíkun Áfíríkà ní 1821. Ní 1828, níbi tí wọ́n ti ń pèsè ẹ̀tù ìbọn, iná gba ẹ̀tù náà, ó sì pa á. Nígbà míì tí ẹ bá ń ná ọjà ní Carey Street, ẹ rántí ọkùnrin tó ra ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká yà sí orí afárá. Méjì ló wà níbí. Èyí tí gbogbo wa ń pè ní Old Bridge ló ti Waterside lọ sí Vai Town. Èkejì, tí wọ́n fi orúkọ Gabriel Tucker pè, ló ti Johnson Street kọjá odò. Láàárín odò, lábẹ́ wọn, erékùṣù kékeré kan wà, ìyẹn Providence Island. Ibẹ̀ ni ìtàn orílẹ̀-èdè yìí ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹ bá bi àwọn tó wá láti Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá bi àwọn tí wọ́n bá nílẹ̀, wọn yóò ní ìtàn ti wà ṣáájú, pé Ducor ni orúkọ orí ilẹ̀ yìí kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó dé. Òtítọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, ó sì dára kí àwọn ọmọ wa gbọ́ ti àwọn méjèèjì.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní 1820, ọkọ̀ ojú omi Elizabeth kó àwọn ènìyàn tó lé ní 80 láti New York lọ sí erékùṣù Sherbro, ní ilẹ̀ Sierra Leone. Ibà pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní oṣù Kejìlá 1821, Eli Ayres àti ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi kan, Robert Stockton, wá bá Ọba Peter àti àwọn ọba mìíràn níbí pé àwọn fẹ́ ra ilẹ̀. Àwọn ọba kò kọ́kọ́ gbà. Ìtàn sọ pé Stockton fa ìbọn yọ, ó nà án sí orí Ọba Peter. Owó tí wọ́n san kì í ṣe owó lásán, ọjà ni: ìbọn, ẹ̀tù, tábà, ìlẹ̀kẹ̀, ìkòkò irin, ọtí, bàtà, agboòrùn. Gbogbo rẹ̀ kò tó 300 dọ́là. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Iye tí ẹlòmíràn nínú wa ń san fún ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo lọ́dún nínú Waterside ju ìyẹn lọ.

Ní oṣù Kìíní 1822 ni wọ́n kó dé erékùṣù yìí, nígbà tó sì di oṣù Kẹrin, wọ́n gòkè lọ sí orí ilẹ̀. Ní 1824 ni wọ́n sọ ibùdó náà ní Monrovia, nítorí James Monroe, ẹni tó jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà. Àwọn tó ni ilẹ̀ kò fara mọ́ ọn, ogun sì bẹ́ ní ìparí 1822. Ìtàn àtẹnudẹ́nu kan wà pé obìnrin kan, Matilda Newport, fi iná ìkòkò tábà rẹ̀ tan àgbá, ó sì lé àwọn tó gbógun wá. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìrántí rẹ̀, ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, títí di 1980. Wọ́n fi í sílẹ̀ nítorí pé àwọn ọmọ onílẹ̀ ní, àwọn wo ni àgbá náà pa? Èmi rò pé wọ́n jàre. Nígbà tí wọ́n ṣe ayẹyẹ 200 ọdún ní 2022, ọ̀rọ̀ tó gba ẹnu àwọn ènìyàn kan ni pé ta ni ó ń yọ̀, ta ni ó ń ṣọ̀fọ̀. Àwa tí a jẹ́ àlejò, kí a má bá wọn dá sí ìjà náà. Ṣùgbọ́n kí a mọ̀ pé ó wà, kí a má baà fi ẹnu wa kó wàhálà, pàápàá bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń pe ẹnì kan ní Congo, tí ẹ rò pé ìlú Congo ló ti wá.

Ẹ má tíì kúrò lórí afárá. Ìdáhùn olùkọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ níbí.

Ẹ wo òdìkejì, lápá Bushrod Island. Èbúté Freeport wà lọ́hùn-ún. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ 1990 ni àwọn ọmọ ogun ECOMOG gúnlẹ̀ síbẹ̀, nígbà tí ogun abẹ́lé ti sọ ìlú yìí di ahoro tí ebi sì ń pa àwọn ènìyàn. Ọmọ Nàìjíríà ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Nítorí ìyẹn, ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ Charles Taylor bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn ọmọ Nàìjíríà kiri láti pa. Àwọn akọ̀ròyìn wa méjì, Krees Imodibie ti ìwé ìròyìn The Guardian àti Táyọ̀ Awótusìn ti Champion, wá láti ròyìn ogun náà ní 1990. Wọn kò padà sílé mọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá 1992, Taylor gbógun ti Monrovia láti gbà á. Ọ̀gágun Adétúnjí Olúrìn, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn, tó ti ṣe gómìnà ológun ní Ọ̀yọ́, wà lára àwọn tó ṣe olórí ogun ECOMOG nígbà ogun náà. Ìlú náà kò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ó kú ní 2021. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ló darí ogun tó gba àwọn òbí ọ̀rẹ́ wọn là?

N kò ní sọ ìdajì kí n fi ìdajì sílẹ̀. Àwọn ará ìlú fi orúkọ ECOMOG ṣe àwàdà, wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gbogbo mọ́tò àti ohunkóhun tó bá lè rìn ti lọ. Àwọn kan nínú ọmọ ogun wa jí ẹrù, wọ́n bímọ sílẹ̀, wọ́n lọ. Àwọn ọmọ náà ti dàgbà báyìí. Bí ẹ bá gbọ́ èyí lẹ́nu ará ìlú, ẹ má bá wọn jà.

Ní oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ 2003, afárá tí a dúró sí yìí ni ààlà ogun. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ LURD ló di Bushrod Island mú, àwọn ọmọ ogun Taylor ló di ìhà Waterside. Oúnjẹ wà ní èbúté lọ́hùn-ún, àwọn tí ebi ń pa wà níhìn-ín. Ọta àgbá ń já lu àárín ọjà àti ilé. Fọ́tò kan tí gbogbo ayé mọ̀, ti ọmọ ogun ìjọba kan tó fò sókè tó ń pariwo, orí afárá ni Chris Hondros ti yà á ní oṣù Keje ọdún náà. Ohun tí àwọn ènìyàn kò mọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni pé Hondros padà wá ní 2005, ó wá ọkùnrin náà rí, ó sì ràn án lọ́wọ́ láti padà sílé ẹ̀kọ́. Òun fúnra rẹ̀ kú sójú ogun ní Líbíà ní 2011.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ 2003, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà kọ́kọ́ dé sí pápákọ̀ òfurufú Roberts Field. Ọ̀gágun Festus Okonkwo ló ṣíwájú wọn. Ní ọjọ́ 11, Taylor gbé ipò sílẹ̀, ó sì bá ọkọ̀ òfurufú lọ sí Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 14, àwọn LURD fi èbúté sílẹ̀, ọ̀nà orí afárá sì ṣí. Àwọn ènìyàn ya kọjá bí omi tó já ògiri, àwọn kan ń wá ìrẹsì, àwọn kan ń wá ọmọ àti ìyàwó tí wọn kò rí láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà wà nínú gbọ̀ngán yìí. Wọn kì í sọ ọ́, bí a kò bá bi wọ́n.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gòkè. Ọ̀nà yìí ga díẹ̀, kí àwọn àgbà má kánjú. Ẹ gba Center Street títí ẹ ó fi dé ìkóríta rẹ̀ pẹ̀lú Broad Street. Ilé ńlá tí ẹ rí ni ṣọ́ọ̀ṣì Providence Baptist. Ìjọ náà dàgbà ju ìlú lọ: Lott Carey, Collin Teague àti àwọn díẹ̀ ló dá a sílẹ̀ ní Richmond ní 1821 kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Nínú ilé ìjọsìn rẹ̀ àtijọ́ ni àwọn aṣojú ti buwọ́ lu ìwé òmìnira Làìbéríà ní ọjọ́ 26 oṣù Keje 1847. Àwọn 11 ló buwọ́ lù ú. Ẹ ka ìlà pupa àti funfun tó wà lára àsíá orílẹ̀-èdè yìí, 11 náà ni.

Ẹ̀yin onítẹ̀bọmi láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí àti Ìwó, ẹ sún mọ́ mi níhìn-ín. Thomas Jefferson Bowen, òyìnbó tó mú ẹ̀sìn Baptist wá sí ilẹ̀ wa, Monrovia ló kọ́kọ́ dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1850, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì sọ̀kalẹ̀ sí ìlú yìí. Ọ̀kan nínú wọn, Hervey Goodale, kú ní ilẹ̀ Làìbéríà lọ́dún náà. Bowen dá nìkan lọ, ó dé Àgbádárìgì ní oṣù Kẹjọ 1850, lẹ́yìn náà ó dé Ìjàyè àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ jáde ní 1858. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọmọ yín pé Yorùbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá sí Monrovia. Ìwàásù tí bàbá bàbá yín gbọ́ ti ibí kọjá.

Ọ̀kan wà tí ìtàn rẹ̀ dùn mọ́ mi ju ti Bowen lọ. James Churchwill Vaughan, aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, kúrò ní Camden, South Carolina, ó dé Làìbéríà ní 1853. Àwọn ẹbí rẹ̀ sọ pé bàbá rẹ̀, Scipio, ló sọ fún un nígbà tó ń kú lọ pé kó padà sí ilẹ̀ Áfíríkà. Ilẹ̀ tuntun yìí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, nítorí àwọn tó ti bọ́ lóko ẹrú ti ń jọba lórí àwọn tí wọ́n bá nílẹ̀. Ní 1855, ó gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì Baptist, ó bá wọn lọ sí ilẹ̀ Yorùbá. Ogun Ìjàyè lé e, wọ́n lé e kúrò ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú àwọn onígbàgbọ́ ní 1867, ó bọ́ sí Èkó láìní nǹkan kan lọ́wọ́. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù irin àti ohun ìkọ́lé, ó là. Ní 1888, nígbà tí òyìnbó ń fi ojú tín-ín-rín àwọn aláwọ̀ dúdú nínú ìjọ wọn ní Èkó, Vaughan wà lára àwọn tó ṣíwájú àwọn tó jáde láti dá Native Baptist Church sílẹ̀. Lady Kọ́fowórọlá Adémọ́lá wá láti inú ẹbí náà. Àjèjì ni Vaughan ní Monrovia, àjèjì ni ní Ìjàyè, àjèjì ni ní Abẹ́òkúta. Oníṣòwò ni, bíi tiwa. Bí olùkọ́ bá tún bèèrè, kí ọmọ yín bẹ̀rẹ̀ láti orí Vaughan.

Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ ní Center Street lápá òkun, ẹ ó rí itẹ́ òkú Palm Grove. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ rí i, ẹ dúró lójú títì, kí ẹnikẹ́ni má wọ inú rẹ̀ láìsí ẹni tó mọ ibẹ̀. Nígbà ogun àti lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fọ́ ibojì, àwọn tí kò nílé sì ń sùn nínú wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n sọ Ààrẹ William Tolbert sí lẹ́yìn tí Samuel Doe àti àwọn ọmọ ogun pa á ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin 1980. Pásítọ̀ Baptist ni Tolbert, ó ti ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ Baptist gbogbo àgbáyé láti 1965 sí 1970. Ní ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n yìnbọn pa àwọn 13 tó bá a ṣèjọba ní etíkun. Ní oṣù Keje 2025, ìjọba ṣe ètò ìsìnkú ìdọ́bálẹ̀ fún gbogbo wọn, ọdún 45 lẹ́yìn ikú. Wọn kò rí egungun wọn.

Ìrẹsì wà nínú bí ìjọba Tolbert ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Ní 1979, wọ́n fẹ́ gbé owó àpò ìrẹsì kan láti 22 dọ́là sí 26. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin, àwọn ènìyàn jáde, ọlọ́pàá yìnbọn, ọ̀pọ̀ kú, wọ́n sì kó ṣọ́ọ̀bù. Ọdún kan gééré ni ìjọba náà pẹ́ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ìrẹsì, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ìrẹsì ṣe rí níbí títí di òní.

Ẹ padà sókè sí Ashmun Street àti Broad Street. Àwọn méjèèjì ń rìn pọ̀, ẹ lè gba ọ̀kan lọ kí ẹ gba èkejì bọ̀. Ní Ashmun Street ni Centennial Pavilion wà, èyí tí wọ́n kọ́ fún ayẹyẹ 100 ọdún òmìnira ní 1947. Ní títì kan náà ni ilé gíga tí wọ́n ń pè ní E. J. Roye, olú-ilé ẹgbẹ́ òṣèlú True Whig, tó jọba láti 1878 títí di 1980 láìsí ẹlòmíràn. Roye fúnra rẹ̀ jẹ́ oníṣòwò ńlá láti Ohio. Ó di Ààrẹ ní 1870, ìjọba rẹ̀ lọ yá owó ní London, ọ̀rọ̀ owó náà dìjà, wọ́n sì lé e lórí oyè ní 1871. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ó fẹ́ sá lọ bá ọkọ̀ ojú omi, ó so owó mọ́ ìbàdí, owó náà wúwo, ó sì rì. N kò lè búra sí i, ṣùgbọ́n gbogbo oníṣòwò tí mo ti sọ ọ́ fún ló kọ́kọ́ bèèrè pé èló ni. Ní Broad Street, ẹ wọ ilé ìpamọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti orílẹ̀-èdè. Ilé àtijọ́ ni, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ jókòó níbẹ̀ nígbà kan. Ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n jí nígbà ogun. Kí ẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní àkókò, wọ́n fẹ́ràn ẹni tó bá bèèrè ọ̀rọ̀.

Láti ibẹ̀, ẹ gun òkè lọ. Lọ́hùn-ún, ẹ ó rí ilé ńlá olópòó, ti ẹgbẹ́ Masonic. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè di ẹni ńlá nínú ìjọba True Whig ìgbà náà láìwọ inú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń sọ. Doe tì í pa ní 1980. Nígbà ogun, àwọn tí ilé wọn jó ń gbé inú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń se oúnjẹ níbi tí àwọn ọlọ́lá ti ń búra.

Ní ìparí Broad Street, lórí Snapper Hill, ẹ dé Ducor. Ilé ìtura Ducor ṣí ní 1960, àjà mẹ́jọ, yàrá 106. Wọ́n tì í ní 1989, ogun sì bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún náà. Lẹ́yìn ogun, ìjọba Líbíà gbà láti tún un ṣe, ogun tiwọn náà bẹ́ ní 2011, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀. Àlàpà ni báyìí. Kí ẹnikẹ́ni má gun àtẹ̀gùn rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Ère Joseph Jenkins Roberts, Ààrẹ àkọ́kọ́, wà nítòsí rẹ̀.

Láti orí òkè náà, ẹ yíjú sí ìsàlẹ̀. Òkun wà lọ́wọ́ òsì, odò lọ́wọ́ ọ̀tún. Ilẹ̀ tóóró tí àwọn òrùlé páànù kún bò yẹn ni West Point. Ní oṣù Kẹjọ 2014, nígbà Ebola, ìjọba yí i ká pẹ̀lú ọmọ ogun kí ẹnikẹ́ni má jáde. Ní oṣù Keje ọdún náà ni aláìsàn kan bá ọkọ̀ òfurufú láti Monrovia dé Èkó, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh sì kọ̀ láti jẹ́ kó jáde nílé ìwòsàn. Ó kó àrùn náà, ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Nígbà náà, àwọn tó wà nílé ń bínú sí Làìbéríà, àwọn tó wà níbí ń bínú sí ilé, àwa tí a wà láàárín kò sì mọ ibi tí a ó kọjú sí. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín. Ẹ tún fi afárá hàn wọ́n láti òkè yìí, kí wọ́n rí bó ti kéré tó, kí wọ́n sì bi yín pé báwo ni gbogbo ènìyàn ọjọ́ náà ṣe gba orí rẹ̀ kọjá.

Ìgbìmọ̀ aláṣẹ ti gbà pé kí a rin ìrìn yìí lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ wa, ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù Kìíní, aago méje òwúrọ̀, ní ẹsẹ̀ Old Bridge lápá Waterside. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìwé àti bírò wá. Àwọn ìyálọ́jà ti ṣèlérí omi àti kálà. Mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan kan sí i lọ́wọ́ àwọn tó wà ní ìlú yìí ní 1990, ní oṣù Kẹrin 1996, tàbí ní 2003. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí ẹ tó lọ lálẹ́ yìí. A fẹ́ kí ẹnì kan nínú yín dúró lórí afárá, ẹnì kan ní Center Street, ẹnì kan lórí òkè, kí ẹ sọ ibi tí ẹ sá sí, ohun tí ẹ jẹ àti ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún yín. Bàbá àgbà tó jókòó lọ́wọ́ ẹ̀yìn yẹn ti ní òun yóò wá, bí ẹnì kan bá lè bá òun di apá mú nígbà tí a bá ń gòkè.